Àwẹ̀ró àti Ọmọ Ìbá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

N kò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé oúnjẹ alẹ́ ti dí yín lẹ́nu ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Fadérera, pa ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn dé ná. Láti ìrọ̀lẹ́ lo ti ń jẹ ìdí pẹ́ńsù, tí o ń ráhùn pé olùkọ́ ní kí o wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá "bí" kọ̀ọ̀kan mu, o kò sì mọ èyí tí o máa mú. Wá jókòó. Ìjàpá kò sí nínú ààlọ́ mi lónìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó rìn, ó lọ dúró sẹ́nu kòtò amọ̀ kan, ó sì bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ní etí, ìlú àwọn amọ̀kòkò kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Amọ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ní í mọ ìkòkò. Wọ́n ń mọ orù tí a fi ń pọn omi. Wọ́n ń mọ ìṣasùn tí a fi ń se ọbẹ̀. Wọ́n ń mọ àmù ńláńlá tí ọmọdé lè sá pamọ́ sí. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wa amọ̀. Kòtò kan ni, lẹ́yìn ìlú, ó jìn débi pé ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ igbe àkùkọ mọ́. Ẹyẹ kì í fò kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wa amọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan á máa rò pé ẹnìkan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó wá wa amọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò fi mọ. Á ní, "Ilẹ̀, bí o bá fún mi lámọ̀, orù ni n óò fi mọ." Bó bá ti sọ pé orù, orù ni. Obìnrin kan wà tó sọ pé orù, tó délé tó fi mọ ìṣasùn. Ìṣasùn náà kò gba ọbẹ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá sè sínú rẹ̀ lálẹ́, omi tútù ni wọ́n ń bá níbẹ̀ láàárọ̀.

Àgbà obìnrin kan ló jẹ́ olórí àwọn amọ̀kòkò. Ìyá Ẹbu ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹbu ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Òun ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Á mú wọn dúró sẹ́nu kòtò, á ní:

"Ọmọ mi, bí mẹ́ta ló wà lẹ́nu aráyé. Bí oòrùn bá ràn, amọ̀ á gbẹ. Ọ̀kan nìyẹn. Kì í yẹ̀. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá fún mi lámọ̀, n óò mọ orù. Èkejì nìyẹn. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ìlérí ni, mú un ṣẹ. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti ṣe é. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì, bí o bá kànkùn títí, kò sẹ́ni tí yóò dá ọ lóhùn. Bó bá dùn ọ́, lọ fi sunkún nílé. Má sọ ọ́ nínú kòtò yìí láé. Ilẹ̀ yìí kò mọ àná yàtọ̀ sí ọ̀la. Ohun tó bá gbọ́, iṣẹ́ tí a rán an ló kà á sí."

Fadérera, ṣé o gbọ́? Bí mẹ́ta kan náà ni olùkọ́ rẹ ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó máa ń rí bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣì lè ṣẹ, àti èyí tí kò lè ṣẹ mọ́. Bí o bá ti mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ń gbé, aṣọ tó yẹ ẹ́ kò ní ṣòroó yàn. Bí o bá sì ṣì í yàn, ìlà pupa lásán ni olùkọ́ á fà sí i. Ní Òkè-Amọ̀, kì í ṣe ìlà pupa.

Àwẹ̀ró ni ọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun dára, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ méjì ló bí. Àyìnkẹ́, ọmọbìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àkànmú, ọmọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ń sun àmù mẹ́fà nínú iná. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ gbọ́: ẹni tó ń sun ìkòkò kì í kúrò nídìí iná. Bí iná bá kéré, ìkòkò á sán. Bí iná bá pọ̀ jù, ìkòkò á sán. Àwẹ̀ró dúró, ó ń ki igi bọ iná, ó ń fa igi. Àyìnkẹ́ sáré dé láti ilé.

"Ìyá, ara Àkànmú gbóná."

"Fi omi tútù nù ún lára. Iná ń jó."

Àyìnkẹ́ lọ. Kò pẹ́, ó tún dé.

"Ìyá, mo pe Àkànmú, kò dá mi lóhùn."

"Ó ń sùn ni. Iná ń jó."

Àyìnkẹ́ lọ. Ó tún dé, ẹkún ti bo ojú rẹ̀.

"Ìyá, gìrì ti mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ wá."

Àwẹ̀ró wo ọmọ. Ó wo iná. Ó ní, "Jẹ́ kí igi yìí jó tán."

Igi jó tán. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa délé, ara tó gbóná ti tutù. Wọ́n sin Àkànmú kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó àmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde nínú eérú. Ẹyọ kan kò sán.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Àwẹ̀ró. "Bí mo bá fi iná yẹn sílẹ̀ ni." Bó bá jí, ó ń sọ ọ́. Bó bá ń wẹ̀, ó ń sọ ọ́. Àyìnkẹ́ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, Àwẹ̀ró á máa sọ ọ́ fún oúnjẹ títí yóò fi tutù. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òfò ọmọ kì í ṣe òfò ewúrẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé ló ṣáà ti ń sọ ọ́.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ó gbé ọkọ́ àti agbọ̀n, ó lọ sí kòtò. Ọ̀sán gangan ni. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Kò sọ ohun tí yóò fi amọ̀ mọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Bí mo bá fi iná yẹn sílẹ̀ ni, Àkànmú ìbá wà láàyè."

Koríko ẹnu kòtò dákẹ́, kò mì mọ́.

"Bí mo bá fi iná yẹn sílẹ̀ ni, Àkànmú ìbá máa sáré kiri ilé."

Ilẹ̀ tó jókòó lé lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Bí mo bá fi iná yẹn sílẹ̀ ni, Àkànmú ìbá dàgbà, ìbá sì sin mí."

Nǹkan kan mí kanlẹ̀. Ohùn kan jáde láti inú amọ̀. Kò ga, ó dà bí ohùn ẹni tó fi ẹnu sí inú orù tó ṣófo. Orin ló ń kọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é. "Ìbá, ìbá" ni ègbè.

Ilẹ̀ ẹlẹ́tí, kí lo gbọ́?
*Ìbá, ìbá.*
Mo gbọ́ ẹkún ìyá Àkànmú.
*Ìbá, ìbá.*
Amọ̀ ń bẹ, ẹ̀mí ni kò sí.
*Ìbá, ìbá.*
Ti ọmọ inú ilé ni n óò mú.
*Ìbá, ìbá.*

Ẹ má jẹ́ kí n bá Àwẹ̀ró parọ́. Ó gbọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kó amọ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e rù. Bó ṣe ń lọ, amọ̀ náà ń sọ kúlúkúlú lórí rẹ̀ bí àyà ẹni tó sáré.

Nígbà tó délé, ó gbé amọ̀ sí igun yàrá, ó fi aṣọ tútù bò ó, bí amọ̀kòkò ti í ṣe. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Aṣọ ti bọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan jókòó sí igun yàrá. Ojú Àkànmú ni. Àpá iwájú orí, ti Àkànmú ni. Eyín iwájú tó yà díẹ̀, ti Àkànmú ni.

Ó ní, "Ìyá, ǹ bá ti jí."

Àwẹ̀ró pariwo ayọ̀, ó gbá a mọ́ra. Ara ọmọ náà tutù bí ìdí àmù. Kò ṣẹ́jú. Eṣinṣin kì í bà lé e. Ibi tó bá gbé ẹsẹ̀ lé á tutù, ibẹ̀ kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró bu ẹ̀kọ fún un.

Ọmọ náà wo ẹ̀kọ. Ó ní, "Ǹ bá mu ún."

Kò mu ún. Àwẹ̀ró gbé òkòtó fún un. Ó ní, "Ǹ bá ta á." Kò ta á. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìbá ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń wò, ó ní èyí ti tó òun.

Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi mọ ohun tí ọmọ náà ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ló ń jẹ. Bí Àwẹ̀ró bá sọ pé, "Ò bá ti mọ igi gùn báyìí," ọmọ náà á ga sí i. Bó bá sọ pé, "Ò bá ti máa bá mi ru igi," èjìká rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Ni Àwẹ̀ró bá jókòó tì í láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ó ń fi ìbá bọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Àyìnkẹ́ ń gbá àgbàlá. Oòrùn ti yọ. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí òjìji ọwọ̀ lórí ilẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Òjìji ọmọ tó mú ọwọ̀ dání kò sí. Àwẹ̀ró yí ojú kúrò.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Àyìnkẹ́ la ẹnu láti kí i pé ẹ káàárọ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Nígbà náà ni ọmọ amọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti igun yàrá. Ẹ̀rín Àyìnkẹ́ ló rín. Àwẹ̀ró di etí.

Ní ọjọ́ keje, obìnrin kan ń kọjá lọ sódò. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin rẹ ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti rí i." Àwẹ̀ró yíjú sínú ilé láti pè é. Orúkọ kò wá. Ó wá a lẹ́nu, kò rí i. Ó wá a lọ́kàn, kò rí i. Ó wọlé lọ, ó bá ọmọbìnrin náà níbi tó fara ti ògiri, ó sì ń rí ibi tí ògiri ti là nípasẹ̀ àyà rẹ̀, bí ẹni ń wo nǹkan nínú omi. Ọmọbìnrin náà ń wò ó. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pe ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rù wá ba Àwẹ̀ró, ẹ̀rù tó yẹ kó ti bà á tipẹ́. Ó sáré tọ Ìyá Ẹbu lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ẹbu ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo sọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú kòtò, ìyá. Nílé, n kò lè kà á."

"Ilẹ̀ kọrin fún ọ?"

"Ó kọrin."

"O gbọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn?"

Àwẹ̀ró dojú bolẹ̀. "Mo gbọ́ ọ, ìyá."

Ìyá Ẹbu kò bú u. Ìyẹn gan-an ló mú Àwẹ̀ró bú sẹ́kún.

Ìyá Ẹbu ní, "Ẹkún kọ́. Mú àwọn méjèèjì lọ sí kòtò nísinsìnyí. Bí oòrùn bá yẹ àtàrí kí o tó ṣe tán, ọmọ kan ni yóò bá ọ padà wálé, kò sì ní jẹ́ èyí tí o bí. Ìbá ló gbé e dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni yóò tú u ká. Sọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi bí kankan sí i. Má sọ pé iná ló ṣe é. Má sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é."

Àwẹ̀ró pọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kò wúwo ju aṣọ tí ó fi pọ̀n ọ́n lọ. Ó fa ọmọ amọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ amọ̀ ti ga tó èjìká rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kan ìsàlẹ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹlẹ́tí, kí lo gbọ́?
*Ìbá, ìbá.*
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá Àkànmú.
*Ìbá, ìbá.*
Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ ó parí.
*Ìbá, ìbá.*
Ọmọ inú ilé, ó dà o?
*Ìbá, ìbá.*

Àwẹ̀ró sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dojú kọ ọmọ amọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta."

Ẹsẹ̀ ọmọ amọ̀ rọ̀, ó rì sínú ilẹ̀ dé orúnkún.

Ọmọ amọ̀ ní, "Ìyá, ǹ bá ti máa bá yín ru igi."

Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́ ọ. Mi ò dìde. Mi ò fẹ́ kí àmù mi sán."

Ikùn ọmọ amọ̀ rọ̀, àyà rẹ̀ rọ̀, ó rì dé ọrùn. Ojú nìkan ló kù lókè ilẹ̀. Ojú Àkànmú, àpá iwájú orí, eyín tó yà. Ojú náà gbé sókè wò ó.

Ó ní, "Ìyá, ǹ bá ti sin yín."

Háà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún òbí. Ohun kan ṣoṣo tí à ń tọrọ ni. Ẹnu Àwẹ̀ró là. Ó sọ pé, "Bí mo..." Ilẹ̀ mí. Ọrùn ọmọ amọ̀ yọ sókè, èjìká ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sí. Aṣọ ló bà. Inú aṣọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó wo oòrùn, oòrùn ti ń dé àtàrí.

Ó pa ẹnu dé. Ó tún ẹnu là.

"Àkànmú kú. Ó kú kí n tó dé. Mo lè wá, mi ò wá."

Ojú náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ojú ọmọ tí oorun ń kùn. Ó sì di amọ̀. Òkìtì amọ̀ lásán ló kù níbẹ̀, ó tutù, kò mì. Ilẹ̀ kò kọrin mọ́. Àwẹ̀ró wólẹ̀ lórí rẹ̀, ó sunkún ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ikú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sínú aṣọ, ó ń húkọ́, òjìji kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, bó ti í rí lọ́sàn-án gangan. Àwẹ̀ró rá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu láti pè é. Orúkọ kò tíì wá. Ó dúró títí, kò wá.

Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kí lorúkọ rẹ?"

Ọmọ náà wò ó. Ó lè pa ẹnu mọ́, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi.

Ó ní, "Ìyá, bí mo bá sọ ọ́ fún yín, ṣé ẹ ó máa pè mí?"

Àwẹ̀ró ní, "Bí o bá sọ ọ́ fún mi, n óò máa pè ọ́. Bí o bá sì pè mí, n óò dìde."

"Àyìnkẹ́ ni."

"Àyìnkẹ́," ni Àwẹ̀ró wí. "Àyìnkẹ́." Ó pè é bí wọ́n ti ń gun òkè kòtò. Ó pè é lójú ọ̀nà. Ó pè é nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, ọmọ náà sì ń jẹ́ ẹ, ohùn rẹ̀ ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹun pọ̀ nígbà tí oúnjẹ ṣì gbóná.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kì í tọ́ ọmọ. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ ní ìgboyà láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó ṣì lè ṣẹ, ẹ fi ṣèlérí fún ẹni tó wà láàyè níwájú yín, kí ẹ sì mú un ṣẹ.

Ibí ni ààlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí itọ́ gbẹ mí lẹ́nu. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, kí gbogbo yín dá mi lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: a gbọ́!